Kò yí padà di ìkà: Ohun tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń ṣe sí mímọ ojú

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé ní Kubwa níbí, l'Ábújá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é: ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé dáadáa, ọ̀rọ̀ ń já gaara lẹ́nu rẹ̀, ó mọ gbogbo wa lórúkọ, ó sì ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀ láràárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ pé ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń já ewédú níwájú ilé nígbà tí ìpè wọlé láti Ọ̀ffà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú. Kò ké. Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga tó dojú kọ ti ọkọ rẹ̀. Omijé ń ṣàn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ wò ó lójú kòrókòró, ó tó ìṣẹ́jú kan, ó wá ní: "Ṣé ewédú yẹn máa tó wa jẹ?"

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó gbọ́ ọ láti inú yàrá sáré jáde, ó ní, "Dádì, irú ìwà wo rèé?" Bàbá wo òun náà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ ohun tó ṣẹ̀ rárá. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "Àbúrò mi ti kú" ni ọ̀pá ìtilẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, tó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí ìyàwó rẹ̀ kò lọ síbì kan. Àánú rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ọ̀rọ̀ ẹnu mẹ́rin péré ló sì jí i. Ohun tó bá àìsàn náà lọ ni ọ̀nà tí ojú ẹlòmíràn fi ń jíṣẹ́ fún un. Ó rí omijé. Ó rí ètè tó ń gbọ̀n. Àmọ́ ìtumọ̀ wọn kò wọlé.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a sì ń ṣe é. Nínú ilé wa, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń bá ara wa sọ ni kì í gba ẹnu kọjá. Àlejò wọlé nígbà tí oúnjẹ wà nílẹ̀, ìyá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ti gbé abọ́ rẹ̀ dìde. Ọmọ tó gbọ́ èdè yẹn ni a ń sọ pé ó mọ ojú. Ìyàwó kì í sáré sọ fún ọkọ pé inú ń bí òun. Yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀, yóò gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ tó gbọ́n yóò ti mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí a ní fún un: ẹnì kan fajú ro, ẹnì kan lejú koko, òmíràn yínmú, òmíràn yọ ṣùtì ètè, ojú ẹlòmíràn sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wa nílé ìwé. Nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, a rò pé ìwà lásán ni. A kò rò ó pé iṣẹ́ ọpọlọ ni, iṣẹ́ tó ní ibi tó ń gbé nínú orí, tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́, tó sì lè bàjẹ́ bí iṣẹ́ apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń bàjẹ́.

Orúkọ tí a fún àìsàn yìí kò ràn wá lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀: ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀. Ohun tí ojú rí ni àwọn baba wa fi pè é. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé àdúgbò ń pè é ní shanyewar barin jiki, ẹ̀gbẹ́ kan ara ni orúkọ tiwọn náà sì ń tọ́ka sí. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dárúkọ orí. Bẹ́ẹ̀ orí ni àìsàn náà wà. Kò sí ohun tó ṣe apá àti ẹsẹ̀ fúnra wọn; ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́ ló ṣubú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ mọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan tó ń gbé e lọ. Nígbà mìíràn, iṣan ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ya sínú ọpọlọ. Ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Bí iṣan ńlá bá dí, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó tó mílíọ̀nù 1.9 ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ń wá ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, àmọ́ láàárín wákàtí 4 àbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn, ẹ̀rọ tó ń ya inú orí sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn pé kì í ṣe iṣan tó bẹ́. Ẹni tó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò mọ bí wákàtí 4 àbọ̀ ṣe kéré tó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, jáde lọ́dún 2018. Àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Gánà, Kánò àti Zaria sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba ipò kìíní. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ewébẹ̀, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ tó ti jinná, wàhálà ọkàn àti àìlo ara wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ohun tí a lè dènà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ti pọ̀ lórí rédíò, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ ni ọpọlọ. Iṣan tó sábà máa ń dí ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní middle cerebral artery. Ọ̀kan ń bọ́ apá ọ̀tún ọpọlọ, ọ̀kan ń bọ́ apá òsì. Ọpọlọ àti ara sì ń gba ara wọn kọjá: apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì, apá òsì ló ń darí ti ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì yẹn náà ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé. Nítorí náà, bí ọwọ́ ọ̀tún bá rọ, ọ̀rọ̀ sábà máa ń bá a lọ, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ọpọlọ ti farapa. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ló rọ ńkọ́? Ẹnu á ṣì máa sọ̀rọ̀ geere. Àwọn èèyàn á ní, "A dúpẹ́, orí rẹ̀ pé." Bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún tó farapa yẹn ni iṣẹ́ mímọ ojú pọ̀ sí jù lọ.

Ó ti pẹ́ tí ìwádìí ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àwòrán ojú han aláìsàn, wọ́n á ní kó sọ bóyá inú ẹni tó wà nínú àwòrán dùn, tàbí ó bà jẹ́, tàbí inú ń bí i, tàbí ẹ̀rù ń bà á, tàbí nǹkan kó o nírìíra, tàbí ẹnu yà á. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe máa ń ṣìnà ju àwọn tí ara wọn le, àwọn tí ó ṣe ní apá ọ̀tún ọpọlọ sì ń ṣìnà ju àwọn tí ó ṣe ní apá òsì. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ẹlòmíràn kò ní í rárá, ti ẹlòmíràn sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ pátápátá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ni pé ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ẹni tó ni ojú, àti ibi tó fi ń mọ ohun tí ojú ń sọ, kì í ṣe ibì kan náà. Lábẹ́ ọpọlọ, sápá ẹ̀yìn, ibì kan wà tó ń dá ojú mọ̀. Nancy Kanwisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1997. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, èèyàn lè má dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ títí tí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, ló fún àìsàn yẹn lórúkọ lọ́dún 1947: prosopagnosia. Èyí tó ń mọ bí ojú àti ẹnu ṣe ń yí, bí ètè ṣe ń gbọ̀n, bí ìpéǹpéjú ṣe ń wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ ló wà ní tirẹ̀, lókè etí. Iṣan tó ń bọ́ ọ̀kan yàtọ̀ sí iṣan tó ń bọ́ èkejì. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ̀ pé ìyàwó òun ló jókòó níwájú òun, ó mọ ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, síbẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń ṣọ̀fọ̀.

Ibòmíràn tún wà. Lọ́dún 2000, Ralph Adolphs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 108 tí ibì kan pàtó ti farapa nínú ọpọlọ wọn. Ọ̀kan lára ibi tí ìpalára rẹ̀ ń ba mímọ ojú jẹ́ jù lọ ni ibi tí ọpọlọ fi ń mọ bí ara tiwa fúnra wa ṣe ń ṣe wá, ní apá ọ̀tún. Ó ṣòro láti gbà ní àkọ́kọ́. Kí ló kan ìmọ̀lára ara mi nínú ojú ẹlòmíràn? Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí a bá rí ẹni tó fajú ro, ara wa máa ń fara wé e díẹ̀, láìmọ̀, ọpọlọ á sì wo bí ìyẹn ṣe rí lára kó tó mọ orúkọ tí yóò pè é. Bí ẹni kọ́kọ́ yá aṣọ ẹlòmíràn wọ̀ wò ni. Ẹni tí ibi ìyáwọ̀ yẹn ti bàjẹ́ ń rí aṣọ náà, àmọ́ kò mọ bó ṣe wúwo tó lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́.

Àwọn onímọ̀ tún máa ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi lẹ́tà S.M. pè. Kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀ ló ṣe é. Àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n ló ba amygdala rẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì. Amygdala jẹ́ nǹkan kékeré bí èso álímọ́ńdì nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1994, wọ́n kọ ọ́ jáde pé obìnrin yìí kò lè mọ ìbẹ̀rù lójú èèyàn. Ọdún 2005 ni wọ́n wá rí ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tiwa: kì í wo ẹyinjú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kó wo ẹyinjú inú àwòrán, ó mọ ìbẹ̀rù náà. Wọn kò fún un lóògùn. Ibi tí yóò wò ni wọ́n sọ fún un, ìgbà tí wọ́n ń rán an létí nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà bákan náà, N.K., tí ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Ti òun, ibi tí wọ́n ń pè ní insula, ní apá òsì, wà lára ohun tó bàjẹ́. Kò mọ ìríra mọ́, yálà lójú èèyàn tàbí nínú ohùn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí o bu ọbẹ̀ tó ti kan fún, tó fún imú jọ, tí ìwọ sì ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ sí i.

Nínú gbogbo ohun tí ojú ń sọ, ẹ̀rín ló rọrùn jù láti mọ̀. Ìbẹ̀rù ló máa ń le jù, torí pé ó jọ ìyàlẹ́nu: ojú là, ẹnu là. Aláìsàn sábà máa ń pàdánù àwọn tó le, kí ẹ̀rín ṣì kù sí i lọ́wọ́. Mo rò pé ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú ilé wa nìyí. Ẹni tó wá kí aláìsàn, ẹ̀rín ló ń bá wọlé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́rìn-ín, ìmáàmù ń rẹ́rìn-ín, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ìjọba gbé ọsàn wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aláìsàn náà rẹ́rìn-ín padà. Gbogbo wọn lọ, wọ́n ní ó ti bọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó rẹ̀, tí inú rẹ̀ bà jẹ́, tí ẹ̀rù owó oògùn ń bà, òun nìkan ló ń rí ẹni tí kò mọ ojú mọ́. Bó bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ohùn náà kò gbẹ́yìn, ó sì yẹ kí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí ohùn ni èdè wa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ló yà wọ́n. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ará Thailand àti Ṣáínà, tí ohùn ń ya ọ̀rọ̀ nínú èdè tiwọn náà, rí i pé apá òsì ọpọlọ, ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, ni irú ohùn yẹn fara tì jù. Àmọ́ ohùn tó ń fi ìbínú tàbí ìbànújẹ́ hàn, apá ọ̀tún ni tirẹ̀ pọ̀ sí. Elliott Ross, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1981, ó sì pe ìpàdánù irú ohùn yìí ní aprosodia. Ohun tí èyí ń sọ ni pé aláìsàn lè gbọ́ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ láìṣì ọ̀kan, kó má sì gbọ́ ẹkún tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bá sọ pé "Ó dáa," tó gé e kúrú, gbogbo wa mọ̀ pé kò dáa. Ẹni tí apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ ti farapa gbọ́ "Ó dáa." Ó gbà pé ó dáa. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Àìmọ̀ yìí jẹ́ ara ohun tí ìpalára apá ọ̀tún máa ń fà, ó sì lè le débi tí kò ní jọ òtítọ́. Ní December 31, 1974, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu William O. Douglas, adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Apá òsì ara rẹ̀ rọ. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi ń tì í kiri, síbẹ̀ ó ń sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní November 1975. Bí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ẹjọ́ kò bá lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó kú, ẹ má retí kí bàbá wa rí ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Nítorí náà kì í ráhùn. Nílé ìwòsàn, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ sókè, kó fún ọwọ́ dókítà, kó rìn, kó sọ ọjọ́ òní, kó dárúkọ ààrẹ. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbìyànjú gidigidi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà fún wọn. Àmọ́ láàárín gbogbo oṣù tí a fi ń lọ, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ rí pé: "Ǹjẹ́ ó ń mọ̀ tí inú bá bí yín?" Àwọn tó ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò tó wa, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ irú èyí wò tún ṣọ̀wọ́n jù wọ́n lọ.

Ibi tí ilé ìwòsàn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ayé ni yóò gbà á. "Owó ló ń gun un." "Ó ti ní obìnrin níta tẹ́lẹ̀, àìsàn ló tú u fó." "Àwọn tó ta á lọ́fà ti gba ọkàn rẹ̀." Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ á fà sẹ́yìn, ìpè orí fóònù á dínkù, ìyàwó á kó lọ sí yàrá kejì. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹni tí gbogbo wọn ń bínú sí kò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bínú.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé gbogbo ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn àìsàn yìí, mímọ ojú ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe, bí ẹnì kan ló máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìyẹn sì ní oògùn àti ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹlòmíràn kì í kọbi ara sí apá òsì mọ́. Ẹni tó bá jókòó sí òsì rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Ẹ jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Ojú rẹ̀ lè má ríran dáadáa. Dókítà ló yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tí dókítà bá sì fẹ́ yẹ mímọ ojú wò, ìdíwọ́ kan wà tó yẹ ká sọ. Àwòrán tí àwọn onímọ̀ lò jù fún iṣẹ́ yìí láti ọdún wọ̀nyí wá ni èyí tí Paul Ekman àti Wallace Friesen gbé jáde lọ́dún 1976. Àwòrán dúdú àti funfun ni, òyìnbó ló sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Hillary Elfenbein àti Nalini Ambady kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2002, wọ́n rí i pé èèyàn máa ń mọ ohun tó wà lójú àwọn tirẹ̀ dáadáa ju ti àjèjì lọ. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún láti Òmù-Àrán tó ṣi ojú òyìnbó mú lè má ṣàìsàn rárá. Lérò tèmi, fóònù ọmọ rẹ̀ sàn jù: àwòrán ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tí wọ́n fajú ro, ìgbà ìsìnkú. Kì í ṣe àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, àmọ́ yóò fún yín ní ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà.

Ǹjẹ́ ó lè padà? Díẹ̀díẹ̀, lára àwọn kan. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe jù, kì í sì í ṣe pé ó dá dúró lẹ́yìn ìyẹn. Lára àwọn tí jàǹbá ti ba ọpọlọ wọn jẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí mímọ ojú ti mú kí wọ́n tún mọ̀ ọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ wọn láti wo ibi kọ̀ọ̀kan lójú: ẹyinjú ńkọ́, igun ẹnu ńkọ́, ìpéǹpéjú ńkọ́? Wọ́n tún ń ní kí wọ́n fi ojú tiwọn ṣe é nínú dígí. Ohun tí àwa ń mọ̀ láìronú, àwọn ń fi orí ṣírò rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ojú aláìsàn fúnra rẹ̀, torí pé ìyẹn ń tan ará ilé jẹ. Bí físíò, ẹni tó ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bá sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé kó rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè. Ti òsì ń wà nílẹ̀, ó sì ń jọ ẹni tó ń yínmú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó sínú bàtà rẹ̀ ńlá, ó rìn bíi tirẹ̀, ó ṣubú yakata. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ sì lọ sókè lápá méjèèjì! Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà rẹ́rìn-ín àṣẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà rẹ́rìn-ín tó ti inú wá, ọ̀kan lè bàjẹ́ kí èkejì má bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ti rò pé ó ń fi ẹnu yọ ṣùtì sí òun láti bí oṣù mélòó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Láti ìgbà náà, a ti yí bí a ṣe ń gbé ilé yẹn padà. Ó ṣòro, nítorí pé kò sí lára wa. Ìyàwó tó ti fi ogójì ọdún gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní láti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Inú ń bí mi sí yín, nítorí pé ẹ kò dá mi lóhùn." Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń tì í lójú, ó ní ó dà bí ìgbà tí òun ń rí ọkọ òun fín. A ń jókòó sí iwájú rẹ̀, a ń jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀, a ń pa tẹlifíṣọ̀n. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀, a kì í dúró kó fi ojú mọ̀ ọ́n, a ń sọ ọ́. Òun náà ti kọ́ láti máa béèrè, "Báwo ni inú yín ṣe rí báyìí?", ó sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ọmọ tó ń gbé omi wá.

Ọmọ-ọmọ yẹn ló tètè gbà á jù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ níta, ó wọlé, ó dúró níwájú àga bàbá rẹ̀ àgbà, ó di ojú bàbá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wò mí. Mò ń bínú o."

Bàbá fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó ń wá ọ̀nà àtidìde. "Ta ló bí ọ nínú?"